Àpótí Lẹ́tà Tí A Tì Kí Làmídì Tó Dé

Niangon,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Mulikat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú ilé tuntun tí o gbà ní Port-Bouët, níbi tí o ní ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lórí òrùlé rẹ bí ẹni pé ó fẹ́ bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ara mi le, ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìkíni tó báyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò gba ìkíni gígùn, ọjọ́ Jímọ̀ kò sì jìnnà mọ́.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Y a pas drap, Maman," bí ẹ̀yin ọmọ Abidjan ṣe máa ń sọ pé kò séwu, wàá sì gbé fóònù sílẹ̀. Ewu wà. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí o ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tí o ń sọ lọ, kíkà rẹ̀ sì tún le fún ọ ju gbígbọ́ lọ. Kà á sókè. Etí rẹ máa ran ojú rẹ lọ́wọ́. Ibi tí kò bá yé ọ, bi Làmídì àbúrò mi tó mú lẹ́tà náà wá. Ó ní ìdí tí mo fi rán òun gan-an, tí n kò fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. O mọ̀ mí. Èmi kì í san owó ọkọ̀ fún ohun tí mo bá lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o wí fún mi lọ́jọ́ Àìkú padà fún ọ, bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa.

O ní gbogbo ilé tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì, bí ilé ṣe ń ní ojúlé. O ní àwọn tó dá àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ kò ṣe é pọ̀ tó, wọn ò mọ̀ pé ayé máa kún báyìí, ó sì ti tán. Nítorí náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ilé-iṣẹ́ yín kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, háyà ni wọ́n sì háyà ìyẹn gan-an lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun. Ní báyìí àdírẹ́sì tuntun ti dé, èyí tí ẹ ń pè ní IPv6, ó sì pọ̀ débi pé ilé kan kò ní bá ilé kejì pín in mọ́. Ọ̀gá rẹ fẹ́ kó gbogbo agbègbè Songon bọ́ sórí tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì pa ti àtijọ́ kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n má baà tún san háyà. Ṣùgbọ́n àwọn àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri àwọn oníbàárà tí wọ́n ti gbó, tí wọn ò mọ àdírẹ́sì tuntun rárá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa ti àtijọ́, ilé wọ̀nyẹn máa dákẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún ni pé kí o wo àpótí ilé kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ náà tó pé. O wo èyí tí ẹsẹ̀ rẹ dé. Àwọn abúlé etí ọ̀sà, o ò dé ibẹ̀, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o fi orúkọ rẹ sí ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀ pé o ti wo gbogbo rẹ̀, pé gbogbo rẹ̀ sì dára. Wọ́n ṣì ń dán ọ wò lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá kọ̀, wọ́n lè ní kí o máa lọ.

Bí mo bá ṣì í gbọ́, ṣàtúnṣe rẹ̀ fún mi. Bí mo bá gbọ́ ọ dáadáa, rántí ohun tí mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Ṣé ẹnì kan máa kú nínú rẹ̀?"

O ní, "Ah, Maman, ẹ̀yin náà! Ta ló ń kú nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Àwọn tó bá dákẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ máa tún tiwọn ṣe?"

"Bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n bá pariwo tó. Le patron, ọ̀gá wa, ní àwọn ará ibẹ̀ ò mọ̀ ju kí wọ́n máa wo fídíò lọ."

Mo wá ní, "Fọwọ́ sí i, jàre. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

O gbé báàgì rẹ, o lọ. Àlókò, dòdò tí mo dín fún ọ, o ò fọwọ́ kàn án. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì kó má baà ṣòfò, kò sì dùn.

Ọmọ mi, mo kọ lẹ́tà yìí láti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà lẹ́nu ara mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ ó ti fọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyin bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí a jù ú sí, tí kò tíì balẹ̀, a lè bẹ̀ ẹ́ pé kó dì í mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lánàá, Làmídì fẹsẹ̀ la ẹrọ̀fọ̀ wá láti Songon, ó gbé kíréètì ẹyin wá fún mi. Ó jókòó, kò tíì mu omi tán, ni fóònù rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Ó fò dìde, omi dà sí i láṣọ. Ó pe ìyàwó rẹ̀: "Iná ti lọ nílé àwọn ọmọ adìẹ! Èédú! Kó èédú sínú ìkòkò, kó o gbé e wọlé, yára!" Ó dúró bẹ́ẹ̀, fóònù létí, ó ń mí gúlegúle, títí ìyàwó rẹ̀ fi sọ pé ara wọn ti ń móoru. Ó wá jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí ló mọ̀ lọ́hùn-ún tó fi ké síbí?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò rántí? Àpótí kékeré tí Mulikat bá mi so mọ́ ògiri nígbà tó ṣì wà nílé ìwé. Ó rà á ní àlòkù ní Adjamé. Ó so bátìrì mọ́ ọn, àti nǹkan kan tó ń gbọ́ ooru. Bí ooru bá ti lọ sílẹ̀, ó ń pè mí. Ọmọ yẹn ló ń bọ́ mi, kì í ṣe adìẹ."

Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni láti ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ti wá wo àpótí náà láìpẹ́ yìí.

"Ta ló máa wá? Ọ̀nà wa ti di odò. Ẹja ló lè wá wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. O ti fi ọwọ́ ara rẹ so àpótí yẹn. Èmi sì ti sọ fún ọ pé kí o fi ọwọ́ kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti wò ó, ó dára.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ọ báyìí, èyí tí a kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Abidjan gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò sí fóònù alágbèéká. Lẹ́tà la fi ń mọ̀ bóyá àwọn ará ilé wà láàyè. Ìlú yìí kò sì ní ojúlé tí a lè kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ẹ̀yìn ilé oògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kékeré, ta ló máa kọ ìyẹn láti Ògbómọ̀ṣọ́? Ohun tí à ń lò ni àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, boîte postale. Gbogbo àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́jà Adjamé, àpótí kan ṣoṣo la ní. Orúkọ Alhaji àgbà kan ló wà lórí rẹ̀, Bàbá Lẹ́tà là ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á lọ ṣí i. Lẹ́yìn ìrun, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, á máa pe orúkọ. "Ráfíù!" Ráfíù mẹ́ta á dáhùn. Á ní, "Ẹ̀yin méjì, ẹ lọ jókòó. Ráfíù onítáyà ni ìyàwó rẹ̀ bí." Orí rẹ̀ ló fi ń rántí ẹni tó ni èwo. Nígbà tí o ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ Àìkú pé ẹ̀rọ kan wà nílé-iṣẹ́ yín tó ń rántí ilé tó béèrè kí ni, lábẹ́ àdírẹ́sì tí gbogbo yín jọ ń lò, Bàbá Lẹ́tà ni mo rí lójú mi, pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀.

Àpótí náà ní àléébù. Ọkùnrin kan láàárín wa gba ọjà àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá kan, ó kọ nọ́ńbà àpótí wa sílẹ̀ fún un, ó sá lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá mẹ́nu kan nọ́ńbà yẹn níwájú oníṣòwò ọ̀hún, olè ni. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni rí, wọ́n lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù bí ajá. Nítorí náà, má rò pé èmi ń bá tuntun jà. Kí olúkúlùkù ní àpótí tirẹ̀, ó dára. Ohun tó dára ni ilé-iṣẹ́ yín fẹ́ ṣe. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é ló ń bà mí lẹ́rù.

Torí àwa náà ṣe é. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba àpótí tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú nítòsí ilé rẹ̀. Owó ọdún ti àpótí àtijọ́ wá pé. Wọ́n ṣèpàdé ní àgbàlá Bàbá Lẹ́tà. Bàbá ní ká san án fún ọdún kan sí i, kí gbogbo ará ilé lè gbọ́ pé a ti yí padà. Mo jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ẹnu mi mú nígbà náà bí ẹnu rẹ. Mo ní, "Owó méjì fún ilẹ̀kùn kan!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri, wọn ò sì san owó. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé wọ́n ti kọ lẹ́tà láti ilé. Wọ́n ní Làmídì ń bọ̀, kí a lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Lẹ́tà náà dé àpótí tí a ti tì. Làmídì gun ọkọ̀ láti Cotonou dé Lomé, láti Lomé dé Accra, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Adjamé. Kò rí ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà àpótí wa ló kọ sínú ìwé kan lápò rẹ̀, ọmọ ilé wa sì rò pé ojúlé ni. Ó fi han onítakisí, ó ní kó gbé òun lọ sí ilé yìí. Onítakisí rẹ́rìn-ín títí, ó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó gba owó rẹ̀. Làmídì dúró níwájú ògiri tó kún fún ilẹ̀kùn irin kéékèèké. Títí di òní ló ń sọ pé, "Mo rò pé ẹ ti kú, pé ibẹ̀ ni wọ́n sin yín sí."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wá ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà náà, ó rí i, ó sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ín máa wá ṣí i. Mulikat, ohun tó tọ́ ló ṣe! Bí a bá ti san owó ọdún yẹn, Bàbá Lẹ́tà ì bá wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ì bá rí ọmọkùnrin tó ní ilà Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Jímọ̀ kọjá. Ẹnì kankan kò wá. Nígbà tí owó rẹ̀ tán, ó tẹ̀ lé àwọn alábàárù lọ sí èbúté apẹja ní Port-Bouët, níbi tí o ń gbé báyìí. Ó ń fa àwọ̀n. Lọ́jọ́ kan okùn dì mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ sì ń fa okùn.

O rántí bí o ṣe máa ń di ọwọ́ yẹn mú nígbà tí o wà ní kékeré? "Tonton, ìka yín méjì dà?" Á ní, "Adìẹ ló ṣà á jẹ." Wàá rẹ́rìn-ín, wàá lọ máa lé adìẹ kiri àgbàlá. Òótọ́ rẹ̀ nìyí.

Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ló wá sí ìsọ̀ mi, ó fẹ́ ra ìṣó fún àpótí ẹja ọ̀gá rẹ̀. Mo dá iye lé e ní Dyula, èdè ọjà, láìgbójú sókè. Ó ní, "Àǹtí Sídíkátù, ẹ̀yin ni ẹ ń rẹ́ mi jẹ báyìí?" Ìṣó dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bojú wò ó, mo rí ọwọ́ rẹ̀.

Ó ti dárí jì mí tipẹ́, ó tún máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń ná ọjà jù, á ní, "Owó méjì fún ilẹ̀kùn kan!" Ó dùn ún sọ. Kì í dùn mí gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo pa òwe àáké fún ọ, n kò sì bi ara mi pé ọwọ́ ta ni àáké náà máa gé.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní, má ṣe fi orúkọ rẹ sí ohun tí ojú rẹ kò rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Orúkọ tí a fún ọ lọ́jọ́ kẹjọ, òun nìkan ni àdírẹ́sì tí o ní tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè yí padà fún ọ.

Èkejì, àti pé èyí ló ṣe pàtàkì jù: má lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé rárá. Sọ fún un pé méjèèjì. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí tuntun àti àtijọ́ jọ máa rìn pọ̀ lórí okùn kan náà, kí ilé tó mọ tuntun máa lo tuntun, kí èyí tí kò mọ̀ ọ́n máa lo ti àtijọ́, títí ẹ ó fi pààrọ̀ àpótí ẹni ìkẹyìn. Ohun tí Bàbá Lẹ́tà bẹ̀ wá fún nìyẹn. Ní ìsọ̀ mi, bí ẹnì kan bá ra àgádágodo, mo máa ń sọ fún un pé kó dán kọ́kọ́rọ́ wò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ná kó tó dán an wò, àwọn alágbẹ̀dẹ irin ló máa sanwó fún lẹ́yìn náà.

Ọ̀gá rẹ ń wo owó. Má kẹ́gàn rẹ̀ nítorí ìyẹn, èmi náà ń wo owó. Fi owó bá a sọ̀rọ̀. Kọ háyà oṣù díẹ̀ sí i sí apá ọ̀tún. Sí apá òsì, kọ owó ẹni tó máa máa gbé fóònù nígbà tí ilé tó dákẹ́ bá ń pè, owó ọkọ̀ tó máa gbé oníṣẹ́ lọ Songon nínú ẹrọ̀fọ̀, owó oṣooṣù oníbàárà tó bá bínú lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kò sì padà mọ́. Èmi ò mọ iye wọn, ìwọ mọ̀ ọ́n. Má parọ́ sí apá kankan. Bí háyà bá wúwo jù ní tòótọ́, jẹ́ kó rí i bẹ́ẹ̀, kí o wá sọ fún un pé owó tí a fi pamọ́ yẹn, inú oko àwọn tí ẹ kò bẹ̀ wò ló ti jáde.

Bá a sọ ọ́ ní òun nìkan. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Má sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, nítorí ọ̀gá tí a bá dójú tì kò ní gbọ́ ìṣirò mọ́. Má sì gbé e sórí WhatsApp kankan. Mo mọ ìka rẹ.

Lọ bá a ní Ọjọ́bọ̀, má dúró de Jímọ̀. Ẹni tó dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, agídí ni wọ́n máa pè é. Ẹni tó bá ṣáájú rẹ̀ dé, wọ́n lè pè é ní olóye.

N kò pe èyí tó kù ní ẹ̀kẹta, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí láti kọ. Bí ó bá ní kí o máa lọ ńkọ́? Mo ti jókòó tì í látàárọ̀. Owó ilé tí o san sílẹ̀ ní Port-Bouët, onílé kò ní dá a padà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Iṣẹ́ mìíràn lè pẹ́ kó tó dé. Owó oṣù rẹ tó máa kọ́kọ́ wọlé, mo ti ń fọkàn ná an kí o tó gbà á: mo ti fi kan òrùlé ìsọ̀, mo ti fi ra ọjà kún ọjà. Bóyá òrùlé yẹn ló fọhùn lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe èmi. Mo ti mú gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kàn báyìí. Ìsọ̀ náà ń jò láti ìgbà tí o wà nílé ìwé, ó lè máa jò lọ. Yàrá rẹ ní Niangon ṣì wà, àpò sìmẹ́ńtì méjì ló wà nínú rẹ̀, màá kó wọn jáde. Bí o bá padà wá, n kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kan, n kò sì ní jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò bi ọ́.

Ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní lé ọ, pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbà fi sí i. Ìyẹn ló ṣòro jù, nítorí wàá rò pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ. Kò tíì kúrò. Ilé tí o bá mọ̀ pé ó máa dákẹ́, jà fún un pé kí ilé-iṣẹ́ sọ fún un ṣáájú. Ẹni tí a bá sọ fún lè sun èédú sílẹ̀. Ẹni tí a kò sọ fún á jókòó sábẹ́ ilẹ̀kùn, á máa dúró.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìwọ tí mo bẹ Ọlọ́run kí n tó ní, n kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa parí. Mo fẹ́ kí o ní iṣẹ́, mo sì fẹ́ kí o lè máa dé Songon láìwolẹ̀. Bí méjèèjì kò bá ṣeé ní, Songon ni kí o mú.

Nígbà tí mo sọ fún Làmídì pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ, mo sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin ará ilé yìí ò mọ lẹ́tà rán. Èmi ni mo máa gbé èyí dé ọwọ́ rẹ̀." Kò ní kí n bẹ̀ ọ́ fún òun. Ó ní kí n má bẹ̀ ọ́. Ó ní adìẹ ni adìẹ ń jẹ́.

Ó ti jókòó sí iwájú rẹ báyìí. Fún un ní omi, má jẹ́ kó pẹ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ adìẹ. Ṣùgbọ́n kó tó dìde, wo ọwọ́ méjèèjì tó fi mú lẹ́tà yìí fún ọ, kí o sì sọ ohun tí o máa ṣe fún un, lójú rẹ̀. Ohun tí o bá lè sọ fún Làmídì, òun ni kí o lọ sọ fún ọ̀gá rẹ.

Ìyá rẹ,
Sídíkátù